Orúkọ Ohun Tó Pa Àpìkẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn náà dé, ní òwúrọ̀, nínú yàrá dókítà kan tí fáànù ti ń gbé ìwé orí tábìlì sókè-sódò. Láńrewájú Béjidé jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé kò sí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Àga wà. Ṣùgbọ́n ó ti di oṣù mẹ́rin tí kò ti jókòó ti Àpìkẹ́ mọ́, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe nínú mọ́tò tó gbé wọn wá sí ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọláfúnkẹ́ ọmọ wọn, tó ń ṣe tíṣà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ló jókòó sáàárín wọn bí ògiri.

Dókítà Kàósárà kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ọmọ Òṣogbo ni, ó fi ìborùn funfun wé orí, ó sì mọ bí wọ́n ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó pa fáìlì náà dé, ó tún ṣí i.

“Màmá,” ó ní, “èsì ẹran tí a gé lára yín ti dé. Jẹjẹrẹ ni.”

Àpìkẹ́ mi orí. Ara rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀.

“Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yà wá lẹ́nu. Egbò tí a rí ní ojú ara yín, kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àlejò ni níbẹ̀. A máa ń fi oògùn aláwọ̀ kan sí ẹran tí a bá gé, oògùn náà á sì fi ilé tí jẹjẹrẹ ti wá hàn wá. Ìfun ńlá ni ilé tiyín. Ibẹ̀ ló ti hù, ibẹ̀ ló ti gbéra, tó wá fi ojú ara yín ṣe ibùwọ̀. Kò wọ́pọ̀ rárá. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni ẹnìkejì tí mo máa rí.”

Láńrewájú gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

“Dókítà, ṣé kì í ṣe... ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó lára ọkùnrin?”

Dókítà wò ó dáadáa. “Rárá, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ọkùnrin kankan. Àní èyí tó ń mú ẹnu ilé ọmọ, tí mo rò pé òun lẹ ní lọ́kàn, obìnrin tí kò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lè ní in. Ọkọ náà ló máa ń gbé e wálé nígbà mìíràn.” Ó yíjú sí Àpìkẹ́. “Màmá, ṣé ẹ máa ń rí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ni Àpìkẹ́ wí. “Ó ti lé lọ́dún méjì. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ ní ùdí mi.”

“Ìdí wo, Màmá? Ẹ̀yìn ni àbí iwájú?”

“Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tó yá, ó di iwájú náà.”

Ó dáhùn wéré, bí ọmọ ilé-ìwé tó ti mọ ìdáhùn láti òwúrọ̀ tí tíṣà kò sì pè é. Ọdún méjì, kò sí ẹnì kankan tó bi í ní ìbéèrè yẹn. Láńrewájú tẹjú mọ́ ẹnu bàtà rẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lè lanu, ì bá ti bẹ̀ ẹ́ kó gbé òun mì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ nìyí.

Ìsọ̀kùn ní Iléṣà ni wọ́n ti bí Àpìkẹ́. Ilé-ìwé míṣọ́nnárì ni wọ́n fi í sí, ní àkókò tí wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin pé ohun gbogbo tó bá ti wà nísàlẹ̀ ìdodo, orúkọ kan ṣoṣo ló ní. Ìdí ni. Lẹ́nu ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ó ń di ùdí, bí ilé ṣe ń di ulé. Láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n ti fẹ́ra ni Láńrewájú ti ń fi ohùn yìí dá àpárá. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Àpìkẹ́, ulé ńkọ́?” Òun náà á dáhùn láti ilé ìdáná pé, “Ulé ń bẹ. Ẹ wọlé, ẹ̀yin ará òkè ọ̀hún tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń ro.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ dé, ó ní, “Bàbá Fúnkẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ ní ùdí mi.” Láńrewájú kò gbójú kúrò lórí ìwé ìròyìn. “Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Adùn ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ.” Ó gbé agolo ṣúgà, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn àwọn ìwé rẹ̀ ní pálọ̀. Ó máa ń ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wálé nínú ike lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tà á nítòsí ibùdó rélùwéè Òṣogbo, nítorí ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ilé wọn wà, ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ rélùwéè. Àpìkẹ́ ń fojú ro, ó ń mu ún. Ó ń rù. Àwọn èèyàn ní ó ti ń rù, Láńrewájú ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo ti gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.”

Ní àkókò ọyẹ́ ọdún kejì, wọ́n gba ìyàwó pásítọ̀ lálejò. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, Àpìkẹ́ dìde, ẹ̀jẹ̀ sì wà lórí aṣọ funfun tí wọ́n fi bo àga. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ọdún mọ́kànlá.

“Kí lèyí?” ni Láńrewájú bi í.

“Ùdí náà ni,” Àpìkẹ́ ní. Ó ti ká aṣọ náà mọ́ra kó tó parí gbólóhùn ọ̀hún.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò jáde, ó ń nu ọwọ́, ó sì sọ ọ́ lójú Láńrewájú àti gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì: “Kí bàbá náà wá ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ o. Ohun tó wà lójú ara màmá yìí, èèyàn kì í dá a ní.” Inú oṣù yẹn kan náà ni obìnrin onímọ̀ ìlera kan wá bá ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kòkòrò kan ló ń fà á, lára ọkùnrin ni obìnrin sì ti ń kó o. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Etí Láńrewájú ló gbé e gba ibòmíràn.

Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìka. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Ìbàdàn ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọba, ọdún mẹ́ta gbáko, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wálé, ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Ta ló ń wá sílé ní Ọjọ́rú? Ta ló bá a gbé igi ìdáná wọlé nígbà náà? Ohun tí kò ronú kàn rí láti ọdún gbọọrọ, ó wá di ohun tó ń ronú lé lórí ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Kò pè é ní Àpìkẹ́ mọ́. “Màmá Fúnkẹ́” ló ń pè é, bí ẹni ń pe aládùúgbò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi í léèrè, “Ta ni?”

Àpìkẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ta ni kí ni?” Ìgbà tó rí ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín náà tó kú.

Láńrewájú kì í ṣe ẹni tó ń na obìnrin, kì í sì í pariwo. Ohun tí ọkùnrin jẹ́jẹ́ máa ń ṣe ló ṣe. Ó gbé ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé wọn. Inú pálọ̀ bàbá Àpìkẹ́ ní Ìsọ̀kùn, lójú Àgbékẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, àgbà nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, àti lójú àwọn ìyàwó ilé mélòó kan, ó dìde dúró, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbé Bíbélì jáde. Wọ́n ní kí Àpìkẹ́ gbé ọwọ́ lé e kó búra.

“N kò níí búra,” Àpìkẹ́ ní. “Ẹni tó bá mi gbé fún ọdún mẹ́rìndínlógójì tí kò mọ̀ mí, Bíbélì kò lè fi mí hàn án.”

“Tí kò bá sí nínú rẹ, kí ló dé?” Àgbékẹ́ tún ti Bíbélì náà sún mọ́ ọn. “Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ dójú tì wá. Títí tí o fi máa búra, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ.”

Àpìkẹ́ padà sí Òṣogbo, kò sì jẹ́ kí dókítà kankan yẹ òun wò mọ́. “Wọ́n á tún ní kí n ka iye ọkùnrin,” ló ń wí. Oṣù mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀, títí Ọláfúnkẹ́ fi wá lo ìsinmi, tó bá ìyá rẹ̀ tó ń di ògiri mú kó tó lè dé balùwẹ̀. Òun ló gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Kàósárà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí tìyátọmọ jáde kúrò nínú yàrá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Láńrewájú dúró sẹ́yìn.

“Dókítà, ká ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn la wá...”

Dókítà náà ń to ìwé rẹ̀ jọ. “Ẹ má bi mí ní ìyẹn, Bàbá,” ló wí, kò sì gbójú sókè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọláfúnkẹ́ lọ ra oògùn. Láńrewájú wọ yàrá tí kò wọ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì dún.

“Àpìkẹ́.”

“Ẹ ti rántí orúkọ mi.”

“Dárí jì mí.”

“Ẹ dìde. Tí orúnkún yẹn bá há síbẹ̀, èmi kọ́ ni màá fà yín sókè.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì gún un. “Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lẹ sọ ọ́ fún. Nínú pálọ̀ bàbá mi lẹ ti dà mí nù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ ṣà mí. Ẹ bá Àgbékẹ́ sọ ọ́, lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ pe àìsàn náà lórúkọ, ẹ pe ibi tó ti wá àti ibi tó dé lórúkọ. Kí ẹ sì pe ohun tí ẹ ṣe náà lórúkọ. Bàbá Fúnkẹ́, n kò fẹ́ kú bí aṣẹ́wó nílé bàbá mi.”

Obìnrin tí kò lè sọ ju ùdí lọ láti ọgọ́ta ọdún, òun ló la ẹnu sọ aṣẹ́wó yẹn, ara rẹ̀ ló sì ń pè bẹ́ẹ̀.

“Ọ̀la ni mo máa lọ,” ló wí.

“Ẹ lọ lọ́la. Mo fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n mi.”

Kò lọ lọ́jọ́ kejì. Òjò ń rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dé ibùdókọ̀, ó rí ẹnì kan tó mọ̀, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí, ó sì padà sílé. Bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ló ń dá a dúró. Tó bá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu nínú balùwẹ̀, ojú á ti tì í kó tó dé àárín gbólóhùn. Ọjọ́ kẹjọ ló tó dé Iléṣà.

Ó bá Àgbékẹ́ tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú abọ́ ní pálọ̀. Méjì nínú àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá Fúnkẹ́. Ṣé ó ti ṣetán tó máa búra?”

“A lọ sí ọsibítù, Ẹ̀gbọ́n. Èsì ti jáde. Wọ́n ní... wọ́n ní àìsàn inú ni.”

“Inú wo? Èyí tó ń gba oúnjẹ, àbí èyí tó ń gba ọmọ?”

Ìdáhùn wà lórí ahọ́n rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, gbólóhùn kejì á tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta náà á sì dé, nígbà tí yóò bá fi parí, òun ni yóò di aṣebi lójú àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń wò ó yìí. Ó wo àwòrán bàbá ìyàwó rẹ̀ lára ògiri.

“Inú ṣáá ni,” ló wí.

“Hùn-ún.” Àgbékẹ́ da èèpo ẹ̀gúsí nù. “Nígbà tí ẹ wá lóṣù kejì ọdún yìí, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, ẹ ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ọmọ tó jí ẹran ìkòkò. Ó yé mi. Ẹ fẹ́ bo àṣírí rẹ̀ ni.” Ó mi orí pẹ̀lú àánú. “Ọkọ rere ni yín, Bàbá Fúnkẹ́. Ọkùnrin mìíràn ì bá ti lé e jáde.”

Láńrewájú gba ìyìn náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ odidi kan ni wọ́n tún dì fún un, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo. Lójú ọ̀nà gbogbo, “ọkọ rere” yẹn ń dún ní etí rẹ̀ bí èébú.

Àpìkẹ́ ti gbé ara lé ìrọ̀rí, ó ń retí rẹ̀.

“Ṣé ẹ sọ ọ́?”

“Mo sọ ọ́.”

“Pẹ̀lú orúkọ rẹ̀?”

“Pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.”

“Kí ni Àgbékẹ́ wí?”

“Ó ń sunkún,” ni Láńrewájú wí.

Ojú Àpìkẹ́ tàn. Ó pe Ọláfúnkẹ́, ó ní kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá àlejò, kó sì yọ ìrọ̀rí kan kúrò níbẹ̀ nítorí pé ọrùn ẹ̀gbọ́n òun kì í gba ìrọ̀rí méjì. Láti ọjọ́ yẹn, bí mọ́tò bá ti dúró lẹ́nu géètì, á gbé orí sókè. Kì í ṣe Àgbékẹ́. “Ó ń lọ́ra,” ló máa ń wí. “Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá rán an lọ sódò, èèyàn á ti wẹ̀, á ti gbẹ, kó tó dé.” Láńrewájú á jáde lọ síta, á lọ dúró lẹ́yìn ilé. Ní gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e, ó lè pe Àgbékẹ́ lórí fóònù. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé fóònù náà jáde lápò, ó tún dá a padà, kò mọye ìgbà.

Àwọn dókítà ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún Àpìkẹ́, kí ìgbọ̀nsẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà, ṣùgbọ́n ìfun náà dí kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó la ojú, ó wo Láńrewájú lórí àga tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá Fúnkẹ́, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ ọ́?”

Láńrewájú lanu. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ omi tí wọ́n so mọ́ Àpìkẹ́ lápá, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó jáde. Ẹnu Láńrewájú ṣì wà ní lílà.

Àpìkẹ́ wò ó. “Kò burú,” ló wí. Kò tún sọ nǹkan mìíràn mọ́. Títí di òní, Láńrewájú kò mọ̀ bóyá ó gbà á gbọ́ ni, àbí ó ti mọ̀. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, Àpìkẹ́ ti kú.

Àṣà ni pé kí ìdílé ọkọ lọ tú ọ̀fọ̀ ìyàwó fún àwọn ará ilé rẹ̀. Láńrewájú mú bàbá àgbà kan dání nínú ìdílé rẹ̀, Bàbá Ajíbádé, tí í máa ń gbẹnu sọ fún wọn níbi irú nǹkan báyìí. Ọláfúnkẹ́ tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí àwọn ará Ìsọ̀kùn rí wọn tí wọ́n wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ariwo ta. Àgbékẹ́ di òpó ilé mú.

“Kí ló pa á? Ẹ sọ fún mi, kí ló pa àbúrò mi?”

Bàbá Ajíbádé wú ikọ́. “Ìyá wa, ó ṣe àìsàn ránpẹ́...”

“Ẹ dúró, Bàbá,” ni Láńrewájú wí. “Èmi ni kí n sọ ọ́.”

Ó dojú bolẹ̀ gbalaja láàárín pálọ̀, níbi tó ti dúró rojọ́ lóṣù kejì ọdún náà. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́.

“Jẹjẹrẹ ló pa Àpìkẹ́. Inú ìfun ńlá ló ti bẹ̀rẹ̀, ìfun tó ń gbé ìgbẹ́. Ó lé lọ́dún méjì tó fi ń ya ẹ̀jẹ̀ ní ihò ìdí, tí mo ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí mo ń fi àgbo rọ ọ́. Jẹjẹrẹ náà ló rìn dé ojú ara rẹ̀. Kò sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí rí. Mo parọ́ mọ́ ọn níbí. Ìtìjú irọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó lọ sí ọsibítù fún oṣù mẹ́rin. Ó ní kí n wá sọ fún yín kí òun tó kú. Mo wá, mo jókòó sórí àga yẹn, mo ní inú ni. Ẹ pè mí ní ọkọ rere, mo sì gbà. Mo délé, mo sọ fún un pé mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin ló ń retí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ló ń retí títí tó fi kú.”

Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Ọláfúnkẹ́, tí kò mọ̀ nípa irọ́ kejì yìí, fa èémí wọnú bí ẹni tí iná jó.

“Dìde,” ni Àgbékẹ́ wí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí kò ní fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. “Dìde nílẹ̀ bàbá mi. O kò ní dọ̀bálẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Láńrewájú dìde. Erùpẹ̀ wà níwájú aṣọ rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n.

“Ó ní kí n wá?” ni Àgbékẹ́ béèrè.

“Ó ní kí Fúnkẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè yín. Ó ní ọrùn yín kì í gba ìrọ̀rí méjì.”

Nígbà náà ni Àgbékẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lérí. “Èmi ni mo kọ́ ọ,” ló ń wí, kì í ṣe fún ẹnì kankan. “Ó wà ní kékeré, ó sọ orúkọ ibẹ̀ gan-an lójú àlejò. Mo fún un lábàrá. Mo ní ùdí ni kó máa pè é, tó bá tún sọ òmíràn, màá fi ata sí i lẹ́nu. Kò sọ òmíràn mọ́. Áà, Àpìkẹ́! Kò sọ òmíràn mọ́ láéláé.” Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó yá, ó nu imú, ó sì wo Láńrewájú. “Lọ sin ín. A ó wá. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí ojú mi sinmi lára rẹ.”

Láńrewájú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí òun. Kò bẹ̀bẹ̀.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn ni wọ́n gbé ìwé ètò ìsìnkú lọ sọ́dọ̀ Mùtàlíbù, tó ń tẹ ìwé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti ìgbà tí wọ́n ti Ìsọ̀kùn dé, Ọláfúnkẹ́ kò tíì bá bàbá rẹ̀ sọ ju ẹ káàárọ̀ àti oúnjẹ ti délẹ̀. Òun ló kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀. Mùtàlíbù tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pépà kan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé e lé Láńrewájú lọ́wọ́.

Gbogbo rẹ̀ dára. Ilé-ìwé tó lọ wà níbẹ̀, ọdún tó ṣe ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn: títí Olúwa fi pè é sílé lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́.

“Ta ló kọ èyí?” ló béèrè.

“Èmi ni mo fi í síbẹ̀, Bàbá,” ni Mùtàlíbù wí. “Ọmọ yín fi àyè sílẹ̀, mo bá bá a dí i. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó ṣàìsàn fún ogún ọdún, àìsàn ránpẹ́. Ẹni tó jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, àìsàn ránpẹ́. Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ ti bàbá kan tí mààlúù kàn pa...”

“Yá mi ní bírò.”

Láńrewájú tẹ́ pépà náà sórí ẹ̀rọ. Ó fa ìlà pa ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ó wá kọ ọ́ sókè ìlà náà pé: lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tó ràn dé ojú ara rẹ̀, ti bá a jà fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Aya olóòótọ́ ni. Èmi ọkọ rẹ̀, tí mo sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀, ni mo kọ èyí.

Mùtàlíbù na ọrùn, ó kà á. “Asitagifurulai. Ojú ara, Bàbá? Nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Ojú ara. Ibi tí ìwọ náà gbà wáyé.”

“Àwọn èèyàn á kà á o.”

“Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn.”

Ọláfúnkẹ́ sún mọ́ wọn. Ó gba pépà náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Láńrewájú kò lè wo ojú rẹ̀. Ó gbọ́ tó gba bírò. Ó fi àmì ohùn sí orí “aya” tí kò ní àmì, ó rí i pé kò yẹ kó ní, ó fa ìlà pa á, ó sì dá pépà padà.

“Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, Dádì,” ló wí. “Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, wọ́n lè ṣì í kà.”

Láńrewájú yí pépà náà sẹ́yìn, níbi tó ti funfun. Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ ní lẹ́tà ńláńlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí l àkọ́kọ́ títí dé àmì ìdánudúró.